Àga Ẹ̀bá Ilẹ̀kùn

Ta ló sọ Àkàndé fún un?

Ó tún ti kọ̀wé. Ọ̀sán gangan, fóònù Morọ́láyọ̀, ìyàwó mi, gbọ̀n lórí káńtà, mo sì wò ó. "Àkàndé, ẹ káàsán o. A ti fi àga sílẹ̀ fún yín lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá oúnjẹ. Ọ̀la la ó fi orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀. Ṣé ẹ ń bọ̀?"

Àkàndé.

Kúnlé ni mí fún gbogbo ayé. Mista Kúnlé Àgádágodo ni mí fún gbogbo Upper Sakponba, nítorí àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni mo ti ń tà níbí láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àkàndé... ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, ìyàwó mi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nínú ilé nìkan, tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Lójú àlejò, Bàbá Fikáyọ̀ ni. Oṣù méje nìyí tí Morọ́láyọ̀ kú, mo sì rò pé ó ti gbé orúkọ náà lọ.

Ó wá dé ẹnu ọkùnrin kan.

Gbéminíyì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà, bó ṣe wí. Mi ò rí i rí. Àwòrán rẹ̀ ni mo mọ̀: fìlà rẹ̀ gẹ̀ sápá kan, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju eyín rẹ̀ lọ. Òun ni olórí àwọn èrò ọkọ̀, èèyàn mẹ́rìnlá tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn, tí wọ́n kó ara wọn jọ sórí Wasáàpù nítorí pé ọkọ̀ òkun kan náà ni wọn ó wọ̀ ní Bàsẹlónà. Ọkọ̀ afẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni yóò bá ta wọ takisí, ta ni yóò gbé atalẹ̀ dání nítorí èébì, tábìlì wo ni oníkálùkù yóò jókòó sí... wọ́n ń ṣètò bí ẹni tí yóò gbé ìyàwó.

Fikáyọ̀, ọmọ wa tó wà ní Manchester, ló fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ̀bùn ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó. Èmi, tí mo ń dijú bí ọkọ̀ bá gun afárá Ikpoba! Morọ́láyọ̀ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àkàndé, odò lásán ni, kò ní gòkè wá bá ọ." Mo gbà nítorí pé òun ló fẹ́ ẹ. Òun sì ti lọ. Kí lèmi ń wá lórí omi?

"Daddy, just go. Mummy want am." Fikáyọ̀ nìyẹn, lánàá. Mo bi í bóyá òun ló sọ orúkọ mi fún wọn. Ó ní, "Which name?" Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ta ni, nígbà náà?

Ọmọ yàhúù. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rò. Mo mọ̀ wọ́n. Àgádágodo tó tóbi jù ni wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yàhúù á ti tọrọ nǹkan. Èyí ò tọrọ nǹkan kan. Àga ló ń fún mi. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí mi ò ti ní máa wo omi — ó mọ ìyẹn náà! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ti sọ fún wọn kí wọ́n má gbé ẹja síwájú mi. Ẹja. Ta ló mọ̀ pé ẹja ń rí mi lára, bí kò ṣe ẹni tó ń dáná fún mi?

Èyí tó tún wá burú jù... kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Oṣù méje tí Morọ́láyọ̀ ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní, "Ìyá Fikáyọ̀ dà?" Èmi ò sọ fún wọn pé ó kú. Fikáyọ̀ ò sọ. Orí fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí, èmi ni wọ́n sì ń kí. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà. Báwo?

Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rín yẹn. Oṣù kẹjọ, lọ́dún tó kọjá. Morọ́láyọ̀ wà ní kíṣìnì, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Mo wọlé, ó da ojú fóònù dé orí tábìlì. "Ta ni?" "Àwọn èrò ọkọ̀ ni." Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ti ń rù nígbà yẹn. Ó ní ọgbẹ́ inú ni. Obìnrin tó ń rù, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi... Èmi tí mò ń ta kọ́kọ́rọ́, mi ò rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nínú ilé mi.

Mò ń ro òkú níbi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Àbí kí n má rò ó? Bó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn á wà níbẹ̀. Oṣù méje ni mo ti ń ṣáàjì fóònù yìí, àwòrán rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Lónìí, mo fi àtàǹpàkò fà á. Oṣù ń padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ atalẹ̀. Ọ̀rọ̀ báàgì. Comfort, obìnrin kan tó ń gbé GRA, ń jà nítorí yàrá: "Abeg, who dey snore make e talk now!" Mo ń fà á, mo ń fà á... oṣù kẹwàá. Comfort náà: "I see the poster for road, I reach the burial. I hold Papa hand. E no know me."

Dúró.

Obìnrin aláṣọ búlúù yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú létí sàréè, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo rò pé ará ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Lábẹ́ rẹ̀, Gbéminíyì: "Ó dàárọ̀ o, Ìyá Fikáyọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe wí la ó ṣe é."

Kí ló wí?

Oṣù kẹjọ. Morọ́láyọ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ò ní lè bá yín débẹ̀. Dókítà ti ka oṣù fún mi, oṣù náà ò sì pọ̀. Ẹ má sunkún o, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí rí!" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn. "Ọkọ mi ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ sọ fún un. Bí mo bá ti ní 'tí mi ò bá sí mọ́', á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, á dìde. Kì í ṣe agídí. Ẹ̀rù ni. Fóònù yìí máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè pa á. Ẹ fi í jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó má wo omi. Ẹ má gbé ẹja síwájú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pè é ní Mista Kúnlé, á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ pè é ní Àkàndé. Bó ti wù kó rí..."

Ọkùnrin kan pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá Fikáyọ̀! Omi ti hó o!"

Èmi ni.

"Mò ń bọ̀!" Ibẹ̀ ni ohùn náà gé sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lórí bẹ́ẹ̀dì: "Àkàndé, tí mi ò bá..." Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Ugbowo: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, lórí àpótí yẹn. Mi ò tiẹ̀ dáhùn dáadáa. Mo mú àgádágodo kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo sí i. Mo rò pé àdúrà ni mò ń gbà... Mò ń tilẹ̀kùn ni. Èèyàn mẹ́rìnlá tí kò mọ̀ rí ló gbọ́ ọ. Èmi wà ní kíṣìnì, mo ní omi ti hó.

Kò sí ọkùnrin kankan tó gba ẹ̀yìn wọlé. Òun ni mo tì mọ́ ìta.

Fóònù tún gbọ̀n. "Àkàndé, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Kò sẹ́nì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ kan ń fọn fèrè lójú títì. Omi ṣì ń bà mí lẹ́rù; mi ò mọ̀ bóyá mo máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀, bó ti máa ń là nígbà tí Morọ́láyọ̀ bá pè mí láti yàrá.

"Hẹn... Mò ń gbọ́."