Ọmọ Hámzàt

Kí Fìrdáúsì tó mọ̀ pé ènìyàn lè fi orin jẹun ló ti ń kọ orin. Súlìyát ìyá rẹ̀ ń ṣe irun ní Woliwo, ní Onitsha, àwọn ọmọdé tí wọ́n bá sì mú wá dirun kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Fìrdáúsì á fi òòyà lu ìdérí ike ìpara, á fi orúkọ ọmọ náà kọrin ní èdè Ígbò, tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Kò ní pẹ́ tí ẹkún á fi dá.

Nígbà tó jáde girama, Hámzàt bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà, fẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Fìrdáúsì ní ṣíṣe orin lòun fẹ́ kọ́, lọ́dọ̀ Ejike tó ní sítúdíò ní Nkwelle Ezunaka.

“Mi ò bímọ tó máa kọrin kiri,” ni Hámzàt wí.

Súlìyát bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Fìrdáúsì bá wọlé tó kí i, á dáhùn. Kò jẹ́ béèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Lọ́dọ̀ Ejike, Fìrdáúsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ àti ibi tó yẹ kí ìlù ti dákẹ́ kí ohùn nìkan dá dúró. Nígbà tó yá, Ejike gbé odidi orin kan lé e lọ́wọ́. Fìrdáúsì ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Ígbò, òun ló to ìlù rẹ̀, ọmọbìnrin kan láti Ogbunike ló sì fi ohùn kọ ọ́.

“Ẹni tó bá ṣe orin a máa fi àmì ara rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀,” Ejike sọ fún un. “Kí ni tìrẹ?”

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ní, “Ọmọ Hámzàt.”

Orin náà tàn, Fìrdáúsì sì tún ṣe òmíràn lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Fìrdáúsì àti bàbá rẹ̀ jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé, ni rédíò awakọ̀ bá gbé e: “Ọmọ Hámzàt.” Hámzàt yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Àwọn èrò tó kù ń gbe orin náà. Hámzàt gbọ́ ọ tán.

“Gbogbo orin tó o bá ṣe lo máa ń fi orúkọ mi sí?”

“Gbogbo ẹ̀ ni.”

“Pẹ̀lú bí mi ò ṣe dá sí ọ̀rọ̀ ẹ?”

“Ẹ̀yin náà lẹ kúkú bí mi, Bàbá.”

Hámzàt sún mọ́ ọn. “Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ò gbọ́ Ígbò,” ó ní. “Ṣé o lè ṣe ọ̀kan tó máa yé wọn?”

“Yorùbá mi ò tó o.”

“Tèmi tó.”

Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán báyìí, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Súlìyát. Fìrdáúsì á wá orin, Hámzàt á wá ọ̀rọ̀. Nígbà tí Fìrdáúsì kọ “ọwọ́ ìyá” tó dún bí “ọwọ̀ ìyá,” Hámzàt rẹ́rìn-ín.

“Ìgbálẹ̀ lò ń kí yẹn. Gbé ohùn ẹ sókè níparí.”

Wọn ò rí akọrin tí Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, Ejike bá ní kí Hámzàt fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n nínú sítúdíò. Fìrdáúsì wọlé lọ dúró tì í, ó ń rọra kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ títí ohùn náà fi balẹ̀.

Wọ́n tẹ ìyá àgbà láago, wọ́n gbé orin náà sí i létí. Nígbà tó parí, ìyá ní, “Àjọkẹ́ ńkọ́?”

Fìrdáúsì fọwọ́ bo fóònù. “Ta ni Àjọkẹ́?”

“Ìwọ ni,” Hámzàt sọ. “Oríkì tí wọ́n fún ẹ nìyẹn nígbà tá a kó ẹ jáde.”

Fìrdáúsì gbé fóònù padà sétí, ó kúnlẹ̀ bí ẹni pé ìyá wà níwájú òun.

“Èmi rèé, Ìyá,” ó ní. “Àjọkẹ́ ni.”