Ìlú Tó Wà Lára Ògiri

Búrọ́ọ̀ṣì ti wà nínú ọ̀dà funfun kí Sẹ̀gilọlá tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Díákónì Dáhùnsí ló mú un dání. Ó ti ká ọwọ́ bùbá sókè, ó dúró síwájú ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ bí ẹni tó fẹ́ fá orí ọmọ.

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ kí i. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ ẹ̀bẹ̀ lọjọ́ náà.

Bàbá jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ìkórè ti fẹnu kò sí i pé kí wọ́n kun àwòrán náà pa. Lọ́la ni àwọn ọmọ Ìlá tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn máa wálé fún ìkórè, ilé òfìfo kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ pàdé wọn lójú títì. "Ẹni tó bá rí i, á ní a ń sọ fún òun pé kò sẹ́ni nílé."

Sẹ̀gilọlá wo ògiri náà, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló fi yà á. Láti ìgbà tó ti kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà dé láti Kíẹ́fù nílẹ̀ òyìnbó, kò ṣe ju kó máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé yìí bí wọ́n ṣe ń ya ìkòkò àti ọsàn lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó fi gbogbo ara ṣe nìyí. Bí wọ́n bá kùn ún pa, kò mọ̀ bóyá òun tún máa ya nǹkan mìíràn láyé òun.

Ìlú kan lẹ́bàá Ṣẹnóbílì ló yà síbẹ̀, ìlú Gálínà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàù níbẹ̀, májèlé tí ojú kò rí bo gbogbo àdúgbò. Wọ́n kó àwọn ará ìlú sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní wọn ò ní pẹ́ padà. Wọn ò padà mọ́. Sẹ̀gilọlá ya àwọn ilé gíga wọn, ó ya igi tó ń hù gba ojú fèrèsé jáde, ó sì ya kẹ̀kẹ́ gàgàrà tí wọ́n so àga mọ́ káàkiri kí àwọn ọmọdé lè máa gùn ún yípo lókè. Kò ya ènìyàn kankan sí i. Lójú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ò bá a débẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé tó parí, wọ́n ti sọ ìlú náà di eré. Bí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa yí po bíi kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n á máa kọ orin tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn:

*Ta ló wà nílé o?*
*Àwa la wà níbẹ̀.*
*Kí lẹ fi sílẹ̀ o?*
*Ẹ wọlé wá wò ó.*

Ẹni tó bá kọjú sí ògiri nígbà tí orin bá dúró á lọ kan ilẹ̀kùn kan, á sọ ẹni tó ni ilé náà àti ohun tó fi sílẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kó ará Ìlá kún ìlú òyìnbó nìyẹn.

Àwọn ọmọ náà ló wá gbálẹ̀ ọgbà láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe rí i tí búrọ́ọ̀ṣì ń sún mọ́ ògiri, wọ́n yí bàbá ká. Ọlámipọ̀sí, tó láyà jù nínú wọn, kúnlẹ̀ tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ilé yẹn. Ti Àǹtí Ìbídùn ni. Wọ́n gbàgbé adìyẹ tó ń sàba síbẹ̀."

Díákónì sún sí ilé kejì. Wọ́n ní ti Sámúẹ́lì káfíńtà ni, pé bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì kàn tán wà níbẹ̀. Ẹ̀rín ń pa Sẹ̀gilọlá, ó yáa bojú wolẹ̀. Inú ti ń bí bàbá. Ó tọ́ka sí ilé kan tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

"Èyí ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn.

"Ti Bọ̀dá Adéyẹmí yín ni, sà," Ọlámipọ̀sí dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ máa ń gbálẹ̀ ibẹ̀."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ilé Adéyẹmí, àkọ́bí Díákónì. Ó kọ́ ọ sí ọ̀nà Òkè-Ìlá, ó sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ó padà sí Èkó, ó di àwátì. Bàbá ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ní gbogbo Sátidé, á lọ ṣí fèrèsé, á gbálẹ̀, á tún tì í. Ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ ọ́. Sẹ̀gilọlá gbà pé ògiri òun ti lọ nìyẹn.

Ọ̀dà ń kán sórí sálúbàtà bàbá, kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà.

"Àgò onílé o."

Gbogbo àwọn ọmọ dáhùn pọ̀: "Àgò yà."

"Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló fi sílẹ̀," bàbá sọ jẹ́ẹ́. "Ó so ó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo máa ń bá a nù ún."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, nítorí nínú eré wọn, ìdáhùn tó dára nìyẹn. Bàbá náà bá rẹ́rìn-ín. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí Sẹ̀gilọlá, ó ní kọ́tìnnì ló kù sí àwọn ilé náà, pé ilé tí wọ́n bá ń retí onílé máa ń ní kọ́tìnnì. Sẹ̀gilọlá bi í léèrè ohun tí ìgbìmọ̀ máa sọ.

"Èmi ni alága ìgbìmọ̀."

Báyìí ni ọ̀dà tó yẹ kó pa ìlú náà rẹ́ ṣe di kọ́tìnnì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lójú gbogbo fèrèsé, àfi ti ilé kékeré tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ gàgàrà. Ọlámipọ̀sí ní àwọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìyẹn o. Àwọn rò pé Àǹtí Sẹ̀gilọlá mọ onílé rẹ̀, nítorí ilé náà ni wọ́n fara balẹ̀ yà jù.

Ọwọ́ Sẹ̀gilọlá dúró. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti ń ṣọ̀fọ̀ ilé yìí? Kò sì sọ́jọ́ kan tó rò ó pé òun lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọlámipọ̀sí bá a kàn án. "Àgò onílé o."

Gbogbo wọn ń dúró de ìdáhùn, títí kan Díákónì.

"Àgò yà," Sẹ̀gilọlá sọ. "Gálínà ló ni ín. Omi tíì tó gbé kaná ló fi sílẹ̀."

Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ya kọ́tìnnì náà, ó sì fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí inú ilé.