Àbàwọ́n Abẹ́ Bàálù

Ẹni tí kò bá mọ Sàlàkọ́, pẹ́ńtà ọkọ̀ ojú ọ̀nà Egan, onítọ̀hún kò tíì rí ohun tó ń dán láyé. Bí Sàlàkọ́ bá kun mọ́tò tán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀, á ṣubú, á kán lẹ́sẹ̀. Àkùkọ kan tilẹ̀ wà ládùúgbò tó rí ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn Kámúrì kan tí Sàlàkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Láti àárọ̀ ló ti ń bá àwòrán ara rẹ̀ jà, nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bí irọ́ ni mo bá pa, kí àkùkọ ọ̀hún jáde wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí Sàlàkọ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe: kó sọ ohun tuntun di ògbólógbòó. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni bàbá Qonitah gbé fún un, wọ́n sì ní bí kò bá ṣe é yanjú, kó má wulẹ̀ kó ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Qonitah ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ti tó ọdún méjì tí òun àti Sàlàkọ́ ti ń fẹ́ra. Mẹkáníìkì bàálù ológun ni bàbá rẹ̀ títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Gowon Estate ni wọ́n ń gbé, "Bàbá Ẹ́yáfọ́ọ̀sì" sì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ọjọ́ tí Qonitah mú Sàlàkọ́ lọ kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ kànga sí pálọ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Pẹ́ńtà ọkọ̀ ni mí, sà."

"Hẹn-ẹn." Bàbá bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ẹ̀yin lẹ máa ń fi bọ́dì fílà bo egbò mọ́tò bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ògiri. Mo ra mọ́tò kan nígbà kan, ó ń dán bí ẹyin ojú. Òjò ẹyọ kan ṣoṣo rọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ já lé mi lọ́wọ́ bí ewé ẹ̀fọ́."

"Èmi kọ́ ni mo kùn ún, sà."

"Mo mọ̀. Ẹni tó kùn ún kò jẹ́ yọjú sí mi."

Bàbá wọ yàrá, wọ́n gbé páálí kan jáde. Ọmọlará, àkọ́bí wọn tó wà lókè òkun, ló fi ránṣẹ́. Bàálù kékeré tí ènìyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ló wà nínú rẹ̀, Alpha Jet, irú èyí tí bàbá fi ọdún mọ́kàndínlógún tọ́jú ní Kainji. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí páálí náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n.

"Bá mi tò ó, kí o sì kùn ún," ni bàbá wí. "Ọjọ́ tí o bá gbé e dé, tí mo wò ó, tí mo rí i pé bàálù mi ni, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Bí kì í bá ṣe bàálù mi, kò sọ́rọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré, sà!" ni Sàlàkọ́ dáhùn. Ẹnu Sàlàkọ́ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

Ọjọ́ mẹ́ta di oṣù kan. Páálí yẹn kò ju páálí bàtà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí gbogbo ará Alimosho wá kà á, wọn ò ní kà á tán kí ọdún tó yí po. Wọ́n so àwọn ẹ̀yà bàálù náà mọ́ ọ̀pá rọ́bà wẹ́ẹ́rẹ́ bí ata ṣe ń so lórí igi. Àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Sàlàkọ́ fi mí èémí kan ṣoṣo, ó fa táyà iwájú símú, ọjọ́ kejì ló tó sín in jáde.

Fẹ́kọ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń fi òòlù tún ara mọ́tò tó bá tẹ̀ ṣe nínú ìsọ̀ kan náà, kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ṣé kí n bá ẹ gbá a ní òòlù kan? Kó lè wọlé dáadáa."

"Jàre, gbé irin ẹ sọ́hùn-ún!"

"Ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó kiri ló ń fi ọmọláńgidi ṣeré. Èmi, àkàrà ni mo rà fún ìyàwó tèmi, ó sì ti bí mẹ́rin."

Sàlàkọ́ tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lẹ ìyẹ́, ó lẹ ìrù, ó fi sáńpépà ha ojú ibi tí góòmù ti yọ. Ó fi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ kùn ún bí aṣọ ológun, ó rẹ àwọn sítíkà kéékèèké sínú omi, ó sì lẹ àmì ewé-funfun-ewé mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù: ó fi kilíà, omi tó ń mú pẹ́ńtì dán, bò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó nù ún, ó tún un nù. Bàálù náà dán tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó gbé e lọ sí Gowon Estate pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá gbé e sókè, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ó dán."

"Ẹ ṣeun, sà!"

"Mi ò yìn ọ́."

Ẹ̀rín Sàlàkọ́ wọlé padà bí orí ìjàpá.

"Èyí ò fò rí," ni bàbá wí. "Ibi tí wọ́n ti ń tà á ló wà. Bàálù tèmi, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ara rẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí ibi tí mo fọwọ́ kàn, ibi tí mo dì, ibi tí mo dì tí kò gbà. Ìwọ wá fi kilíà bo gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé."

Wọ́n pè é mọ́ra, wọ́n ń fi ìka tó ń gbọ̀n tọ́ka. Níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, bàtà ló ti máa ń ha á, pẹ́ńtì á lọ, irin á yọjú. Níbí, lẹ́yìn ihò tí iná ti ń jáde, dúdú ló yẹ kó wà. Níkùn rẹ̀ nísàlẹ̀, páìpù kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò yéé làágùn. Bí bàbá ti wù kí wọ́n dì í tó, ọ́ìlì á ṣáà rí ọ̀nà jáde, á fa àbàwọ́n gígùn kan sẹ́yìn bí ahọ́n àgbò.

"Kí o má kàn lọ da èédú sí i lára o," ni bàbá wí. "Èéfín kì í lọ síbi tó bá wù ú. Afẹ́fẹ́ ló ń darí rẹ̀. Ibi tí kò bá lè dé, má fi síbẹ̀. Bí o bá fi síbẹ̀, bọ́dì fílà náà nìyẹn."

Qonitah sìn ín dé géètì. "Ṣé o lè ṣe é ṣá?"

"Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí ìdọ̀tí lásán ni!"

Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọwọ́ Sàlàkọ́ ti fi ń lé ìdọ̀tí. Bó bá fi èédú tọ́ bàálù náà báyìí, kó tó ṣẹ́jú, ọwọ́ òsì rẹ̀ á ti mú àkísà, á nù ún kúrò láìgba àṣẹ. Nígbà tó yá, ó ní kí Fẹ́kọ́mi bá òun fi okùn so ọwọ́ òsì náà mọ́ àga. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a rí ìjà ọwọ́ méjì.

Ohun tó là á lójú ni típà kan tí wọ́n wọ́ wá sí ìsọ̀ kí wọ́n tún orí rẹ̀ kùn. Típà yẹn ti gbó débi pé bó bá wúkọ́, èèpẹ̀ ló ń tu jáde. Tẹ́lẹ̀, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ibi tí yóò bò mọ́lẹ̀ nìkan ni Sàlàkọ́ ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Ó rí i pé èéfín sáléńsà nípọn nídìí, ó sì fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ó rí i pé kì í ṣe ibi gbogbo ni bàtà awakọ̀ ha lára àtẹ̀gùn, bí kò ṣe ojú kan náà ṣáá. Ó rí i pé ibi tí ọ́ìlì bá ti ń jò, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dúdú.

Ó padà sídìí bàálù. Ó fi sáńpépà wẹ́wẹ́ pa dídán rẹ̀. Ó ha èédú lára ìdí ìkòkò ìyá rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fẹ́ ẹ lẹ́yìn ihò iná, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó lọ iyẹ̀pẹ̀ pupa ọ̀nà Egan kúnná, ó fi pa táyà. Ó fi ẹnu pẹ́ńsùlù ha abẹ́ ìjókòó awakọ̀ lápá òsì, ó ń tàn bí irin. Ó po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jóná mọ́ tínà díẹ̀, ó sì fi fa ahọ́n àgbò náà sí ikùn bàálù, tínà jẹ pẹ́ńtì náà wọnú. Kò fi kilíà bo èyíkéyìí nínú wọn, nítorí kilíà tirẹ̀ kò mọ̀ ju kó dán lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Nígbà tó tán, Fẹ́kọ́mi wò ó, kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. Ó ní, "Ta ló jagun nínú ẹ̀?"

Qonitah jíṣẹ́ fún bàbá rẹ̀. Èsì tó mú wá ni pé kí Sàlàkọ́ àti ìyá rẹ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, aago mẹ́wàá. Bàbá ní ojú àwọn làwọn máa fi rí i. Bó bá jẹ́ bàálù àwọn, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹ, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á sì sìn wọ́n dé géètì.

Láàárọ̀ Sunday, Sàlàkọ́ lọ gẹ irun. Ìgbà tó padà délé, bàálù kò sí lórí tábìlì.

"Màámi! Bàálù dà?"

"Ó ń gbẹ lẹ́yìnkùlé," ni Màámi Sìdíkátù dáhùn, wọ́n ń so gèlè. "Sàlàkọ́, ojú ò tì ẹ́? Ilé àna lo fẹ́ gbé nǹkan onídọ̀tí lọ? Kí wọ́n ní àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní omi nílé?"

Sàlàkọ́ sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Bàálù wà lórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, omi ń kán ní imú rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní.

"Màámi! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dọ̀tí ẹ̀!"

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ tó lọ sí i, ó tó fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ṣé kò kán?"

"Èmi tí mo wẹ ọmọ mẹ́fà? Bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun ni mo wẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n nà án lápá, nǹkan kan ló ní kí n má nà án. Òrí ló tán nílé, ǹ bá ti fi pa á lára."

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Sàlàkọ́ gbé ìkòkò mìíràn, ó fi ìka méjì gbọ́n èédú ìdí rẹ̀, ó nà án sí bàálù. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló máa gbà, yóò tún dúdú padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ìka rẹ̀ kàn án, ó gbọ́ ohùn bàbá létí: ibi tí kò bá lè dé, má fi síbẹ̀. Ìka tó ń kánjú kò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun wé bàálù náà bó ṣe wà, wọ́n sì lọ.

Ní Gowon Estate, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé bàálù súnmọ́ ojú. Pálọ̀ dákẹ́ débi pé ènìyàn lè gbọ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú ọbẹ̀ ní kíṣíìnì.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Irọ́ méje tò sẹ́nu Sàlàkọ́ bí èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àkọ́kọ́ wọn ni pé òjò pa wọ́n. Ó gbé wọn mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọ́n fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí nílé wa, sà. Èéfín tí mo fi sí i ti lọ. Mo fẹ́ tún un ṣe, àmọ́ ìkánjú ni ǹ bá fi ṣe é, ni mo bá fi í sílẹ̀."

Màámi kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́ o, Alájì. Ẹ má bínú. A kì í gbé ìdọ̀tí wá kí àna."

Bàbá kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Wọ́n dojú bàálù délẹ̀, wọ́n tan iná sí ikùn rẹ̀. Ahọ́n àgbò náà wà níbẹ̀, ó ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Lápá òsì, ibi tí bàtà ti ha á ń tàn.

"Bí àwọn ọ̀gá ńlá bá ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò," ni bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "láti ìdájí la ti máa ń fọ̀ ọ́. Èéfín á lọ. Iyẹ̀pẹ̀ á lọ. Èyí ò ní lọ. Mo fọ̀ ọ́ títí, ọ̀gá mi á ní kí n tún un fọ̀, mo tún un fọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún." Wọ́n fi ìka tó ń gbọ̀n nu àbàwọ́n náà, wọ́n wo ìka ọ̀hún. Kò sí nǹkan níbẹ̀. "Àárọ̀ ọjọ́ ìyẹ̀wò nìyí. Bàálù mi ni."

Wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara wọn nínú aṣọ iṣẹ́. Wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì.

"Qonitah, gbé omi wá fún wọn. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ẹbí. Kí lẹ bá wá?"

Ó yẹ kí Màámi ti dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ ti wà lẹ́nu wọn láti ilé ní Ìkọ̀tún, wọ́n ti fi kọ́ra nínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ibi tí ikùn bàálù ti ń yọjú díẹ̀.

"Sàlàkọ́," ni wọ́n sọ sí ọmọ wọn létí, "kànìnkànìn tí mo fi fọ̀ ọ́ yẹn ló ti gbó. Ká ní tuntun ni, ìyẹn náà ì bá ti lọ."