Ijó Tí Kò Wọ Fíìmù

Maaike, obìnrin òyìnbó kan, ni ẹnìkẹta tó gbé kámẹ́rà wá bá wa ní Kampala. Fíìmù tòótọ́ ló fẹ́ ṣe, kì í ṣe eré, nípa àwa ọkùnrin tí a ń wọ aṣọ obìnrin jó nílé ọtí kan tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹkún mi nìkan ni àwọn méjì àkọ́kọ́ yà lọ. Ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n dókítà ní orúnkún mi ò lè ju ọdún yìí lọ, mo sì fẹ́ kí ijó mi wà níbì kan, lódindi, kí n tó jókòó.

A jọ ṣe àdéhùn: kó bo ojú mi, kó má gé ijó mi. Ó gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń bi mí nípa ọjọ́ tí wọ́n lù mí nítorí iṣẹ́ yìí. Tí mo bá ti dé ibi ẹkún, á tún kámẹ́rà tò, á ní kí n tún un sọ. Lọ́jọ́ kẹrin, a ta kọ́tìnì ilé ọtí náà lọ́sàn-án gangan, mo wọ gómésì pupa mi, aṣọ òde àwọn obìnrin ibí, mo sì jó fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Orúnkún ń ta mí, mi ò dúró. Birungi, àbúrò mi nínú iṣẹ́ náà, ló ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Oṣù méje lẹ́yìn náà ni fíìmù dé sórí fóònù. Èmi àti Birungi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, a ń jẹ ṣapátì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òróró dín, tí wọ́n ká mọ́ ẹyin. Wákàtí kan ni fíìmù náà. Wọ́n bo ojú mi dáadáa. Ijó mi kò tó ìṣẹ́jú kan, ohùn ẹkún mi ni wọ́n sì gbé lé e lórí.

Mo pe Maaike, mo bi í pé ijó yòókù ńkọ́. Ó bẹ̀ mí. Ó ní mo rẹ́rìn-ín jù nínú rẹ̀, pé àwọn èèyàn tiwọn ò ní gbà pé ẹni tí wọ́n lù ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ti pa ìyókù rẹ́, nítorí ààbò mi. Mo ní kò burú. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ.

Birungi ní, "Omi ló dànù, ẹ̀gbọ́n, agbè ò fọ́."

"Agbè náà ti fọ́. Ṣé o ò rí orúnkún mi ni? Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Sọ ọ́ fún mi."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ijó yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ogbó ti ń dà mí láàmú. Nígbà tó rí i pé mi ò bá a rẹ́rìn-ín, ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ̀yìn sí wa. Èjìká òsì lẹ kọ́kọ́ mì..."

Mo na ẹsẹ̀ tó ń dùn mí sórí ìrọ̀rí, mo dijú, mo ń gbọ́. Ó fo ibi tí mo ti yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó padà síbẹ̀.