Jíà Kẹrin Nínú Ọkọ̀ Emil Vavra

Emil Vavra kì í fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ sí ìta ìlú Wood River ni ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé: A KÌ Í ṢE Ọ́TÒ NÍBÍ. Bí jíà ọkọ̀ rẹ bá ń yí fúnra rẹ̀, máa wà á lọ sí Grand Island, kí àwọn ọmọ kékeré tó wà níbẹ̀ bá ọ ṣe é. Ó ní ọkùnrin tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà, kó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó sọ ọ́ fún àgbẹ̀, ó sọ ọ́ fún pásítọ̀, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kí obìnrin náà tó kú. Ayé sì ń gbọ́, nítorí ayé kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ alágídí.

Àfi ìgbà tí rọpárọsẹ̀ dé. Kò mú ẹnu rẹ̀, kò mú ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló mú. Ẹsẹ̀ òsì yìí gan-an sì ni awakọ̀ fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó lè fọwọ́ yí jíà.

Ọkọ̀ kan wà tí Emil fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: Fọ́ọ̀dù aláìlórùlé ti ọdún 1932. Inú koríko ló ti hú u jáde nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Ó gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, ó jó gbogbo irin abẹ́ rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, ó kùn ún ní dúdú tí ń dán. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré lójú títì, ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gba gbogbo etí, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kò ní lè sọ pé ẹ dákun. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dákẹ́, abẹ́ tapólì lọkọ̀ wà, Emil náà sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ń wo oko àgbàdo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Mátìsì, ó gbé ife kọfí sílẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Omaha ní òpin oṣù. Ó fẹ́ wá ra Fọ́ọ̀dù, kó sì gbé e lọ."

Libby, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó ń tún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣe fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìlú náà, ipá rẹ̀ tó ti ọkùnrin méjì. Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá jáde ní ọgbà, bàbá òun kò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé jíà ọ́tò sí i kí ọkùnrin náà tó dé. Ẹ wà á lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá wà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ tà á, èmi fúnra mi ni n ó bá a tì í."

"Ọ́tò? Nínú ọkọ̀ mi? Libby, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ó pé ju ẹsẹ̀ yín lọ."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Emil rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín, ó sì wá bínú sí ẹ̀rín náà. "Ṣe ohun tó wù ẹ́," ló wí. "Èmi ò ní wá wò ó o."

Lumir Benish, ọ̀rẹ́ Emil láti kékeré, ló bá Libby wá àpótí jíà ọ́tò kan rí. Ọwọ́ Lumir máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í gbọ̀n. Inú ọkọ̀ ọlọ́pàá àtijọ́ kan tó ti di àlòkù ni ó ti tú u. Jíà mẹ́rin ló ní: mẹ́ta fún iṣẹ́, ìkẹrin fún ìsinmi. Bí ọkọ̀ bá ti sáré tó, ìkẹrin á wọlé, ẹ́ńjìnnì á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, táyà á sì máa sáré lọ bí ó ti ń sáré.

"Bàbá ẹ máa pa wá," ni Lumir wí.

"Bó bá lè dìde láti pa wá, a ti jèrè nìyẹn."

Jíà tuntun náà sanra ju ti àtijọ́ lọ, kò sì gba abẹ́ ọkọ̀. Irin tó dábùú abẹ́ rẹ̀, èyí tí Emil fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó nígbà èwe, ni Libby ní láti gé. Ó gbé ẹ̀rọ ìgérin, ó dúró díẹ̀. Ó wo bí ojú ibi tí a ti jó o ṣe tò tẹ̀lé ara wọn láìsí ọ̀kan tó yapa. Àánú ṣe é. Ó gé e.

Ariwo irin wọ ilé. Kò pẹ́ tí ọ̀pá ìtilẹ̀ Emil fi ń lu ilẹ̀ símẹ́ńtì bọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ gé e? Lumir, ìwọ olè yìí, ṣé o wà níbẹ̀ tó fi gé e ni?"

"Èmi ni mo di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un," ni Lumir wí, ó ń gbádùn ara rẹ̀. "Emil, ká ní mo mọ̀ pé èyí ló máa gbé ẹ kúrò lórí àga, mi ò bá ti wá gé e láti ọdún tó kọjá."

Emil ṣí ẹnu láti bú u, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Libby ti dojú jíà náà dé, ó ti ṣí abẹ́ rẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Irin fífẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà wẹ́wẹ́ sí, ọ̀nà ń wọ inú ọ̀nà, bí ilé ikán tí a là sí méjì. Emil sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò wo inú irú rẹ̀ rí. Ó ti bú u, ó ti lé e, kò wò ó rí.

"Kí ló ń gba ibí kọjá?"

"Epo ni, Bàbá. Epo nìkan. Òun ló ń mọ bí ẹ ṣe ń sáré àti bí ẹsẹ̀ yín ṣe le tó, òun ló ń pinnu ìgbà tí jíà máa yí."

"Kò sí wáyà iná níbẹ̀?"

"Kò sí."

Emil fi ìka kan tẹ̀lé ọ̀nà kan títí tó fi pòórá sí abẹ́ òmíràn. Ó tẹ̀lé òmíràn. Ìbẹ̀rù tó mú un kì í ṣe ìbẹ̀rù ibi, irú èyí tí í mú èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ga ni.

"Ènìyàn ló ronú kan èyí?" ni ó bi wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò gbà pé òun ń ṣèrànwọ́ o, ó ní òun ń ṣọ́ irinṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan okùn irin tí í so irin ìtẹ̀ epo mọ́ jíà, òun ló lé Libby kúrò, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí okùn yẹn bá dẹ̀, jíà á jó kí ọkọ̀ tó dé ìlú kejì. Ó fà á, ó tún un fà, títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí Libby yọ irin ìtẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì jù sí kọ̀rọ̀, tó fi irin ìtẹ̀ bíréèkì fífẹ̀ sí àyè rẹ̀, Emil yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ tí ará Omaha máa wá pé. Ọkọ̀ rẹ̀ tó ń fa pẹpẹ ìkẹ́rù tó fẹ́ fi gbé Fọ́ọ̀dù lọ ṣẹ́rí sí ọgbà kí Emil àti Libby tó wa Fọ́ọ̀dù wò.

"Ẹ máa lọ," ni Lumir wí. "Màá fún un ní búrẹ́dì dídùn wa, kolache, jẹ. Bó bá jẹ mẹ́fà tán, kò ní lè dìde."

Emil wọ ọkọ̀, Libby jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ́ jáde, wọ́n dé ìkòríta. Emil fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, ọkọ̀ ń rọra dúró. Lójijì ló dúró gìrì! Orí Libby fẹ́rẹ̀ẹ́ lu gíláàsì.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe?"

"Èmi kọ́!"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí ó ti kú láti ọjọ́ yìí, tí dókítà ti bẹ̀ títí tó fi sú u, ló gbéra fúnra rẹ̀ lọ wá kílọ́ọ̀ṣì. Kò bá kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì fífẹ̀ ló bá, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ọmọkùnrin. Ó ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Kò gbọ́ tèmi," ni Emil wí, ohùn rẹ̀ rọ. "Ti ọkọ̀ ló gbọ́."

Libby bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó fi í sí abẹ́ àga. "Ẹ sọ fún un kó sinmi. Ẹ máa lọ."

Wọ́n bọ́ sójú títì tó na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Platte. Jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ó ti máa ń ké láti ọjọ́ pípẹ́, Emil sì ń pa eyín pọ̀. Ìgbà náà ni nǹkan kan fò wọlé lábẹ́ wọn, tó rọ̀ débi pé ìdí ló mọ̀ ọ́n, etí ò gbọ́. Igbe náà wálẹ̀. Ó wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó di kíkùn lásán.

"Ó kú ni?"

"Kò kú o. Ìkẹrin ló wọlé. Ẹ wo iwájú yín, ẹ ò dín eré kù."

Lóòótọ́, oko ń sáré kọjá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Emil gbé orí sókè.

"Ariwo kí nìyẹn?"

Agùfọn ni. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn aláwọ̀ eérú, àwọn tí í wá sí odò náà ní gbogbo Mátìsì, kún ojú ọ̀run láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n ń ké pe ara wọn, ohùn wọn ń dún bí omi inú ọrùn ìgò, ó bo ilẹ̀ ó bo òkè.

"Gbogbo ọdún tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí lọ́nà ibí, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ké?"

"Báyìí náà ni, Bàbá."

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sẹ́yìn, kò sì nù ún. Ó wà á dé afárá, ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé. Ìkẹrin tún wọlé. Kò pẹ́ tí ẹnu ọgbà fi yọ. Ará Omaha dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìkẹ́rù, kolache lọ́wọ́, Lumir sì ń bá a sọ̀rọ̀ kíkankíkan.

Emil juwọ́ sí wọn dáadáa, bí ọmọlúàbí ṣe ń kí àlejò.

"Bàbá, a ti kọjá ilé o."

"Mo rí i," ni Emil wí, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo.