Ilé Tí Wọ́n Ti Mú Bàbá Mi Wá

Ẹ wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n kò wá a tó. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá mi, Obed, dùbúlẹ̀ ní Ìlá lọ́dún 1997 ni mo ti ń wá ilé baba wọn kiri. Bàbá kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí oníwàásù kan tó ń jẹ́ Alfred mú wọn wá láti apá Ọ̀rà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ kẹ́yìn kí ẹnu wọn tó wọ́, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ni, "Ọmọ́tọ́lá, má sin mí sílé onílé." Àwọn ọmọ Alfred náà sì ti sọ ọ́ lójú mi pé àgbàlá àwọn kò gba òkú àlejò. Àlejò! Ẹni tó lo àádọ́rin ọdún láàárín wọn!

Mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ìsàmì àtijọ́ síwájú mi. "Obed, ọmọ Alfred." Mo wo ìsàlẹ̀: ọmọ Alfred, ọmọ Alfred. Ọmọ mọ́kànlá lọ́dún kan ṣoṣo!

Mo ní, "Akọ̀wé, ìyàwó mélòó ni oníwàásù yìí ní?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láyé ìgbà náà, ẹni tó ń bọ́ ọmọ ni baba ọmọ. Gbogbo ọmọ tó bá ti ń jẹun nílé oníwàásù ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní tiwọn. Inú ire ni wọ́n fi ṣe é. Inú ire náà ló ba tiwa jẹ́.

Òjó àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò kúkú dákẹ́. Ó kọ lẹ́tà pé òun fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ òun wá orúkọ Bàbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rí Obed Alfred kan lóòótọ́: òyìnbó apẹja tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Ló bá ku Ọ̀rà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wọ ilé dé ilé bí ẹni tó ń kiri ọjà, kí wọ́n tó júwe Ìyá Ṣàngóbùnmi fún mi. Ojú Ìyá ti fọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀.

"Ọmọ kan lọ nílé wa lásìkò náà lóòótọ́," Ìyá ní. "Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta lọ́mọ ti bá oníwàásù yẹn lọ. Báwo ni ìyá bàbá rẹ ṣe máa ń kì wọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ki tilé yín fún mi, kí n lọ kì í fún wọn bóyá wọ́n á dá a mọ̀."

"N ò jẹ́ kì í! Àwọn kan ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa rí, òun ni wọ́n padà wá fi gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹnu bàbá rẹ ni ká ti gbọ́ ọ. Tó bá ti bá tiwa mu, tó bá dọjọ́ alẹ́, yàrá baba wọn ni wọ́n á sùn. Àbí wọn ò sọ ọ́ fún ọ rí ni? Ọkùnrin kì í gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Mo ní, "Wọn ò sọ ọ́ rí, mà."

Irọ́ ni mo pa. Ní 1974, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtúnbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo wálé fún ìsinmi. Bàbá ń bọ́jú láàárọ̀, wọ́n ń ki ara wọn lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ́tọ́lá, wá gbọ́ bí ìyá mi ṣe máa ń kì mí." Èmi ọlọ́gbọ́n ayé dáhùn pé, "Bàbá, nǹkan òrìṣà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn aláìgbàgbọ́." Wọ́n wò mí. Wọ́n nu ojú wọn. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn mọ́. Ọlọ́run, ẹnu mi yìí! Mo ti gbìyànjú títí kí n rántí ọ̀rọ̀ kan péré nínú ohun tí wọ́n ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pàbó ló já sí.

Mo padà sí Ìlá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sí Bàbá lọ́wọ́ òsì, nítorí ọ̀tún ti kú, mo gbé síléètì sábẹ́ rẹ̀. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ ni wọ́n ń fà títí ṣọ́ọ̀kì fi kán. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. N ò lè fara dà á.

Mo ní, "A ti rí ilé yín, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín."

Omi lé ròrò sí wọn lójú. Wọ́n rọra gbé ọwọ́ òsì, wọ́n fi í sẹ́yìn etí, wọ́n sì di ojú. Ará ilé ẹni kì í kí ni kó má ki ni. Oríkì ni Bàbá ń dúró dè. Ọwọ́ wọn wà létí níbẹ̀, wọn kò sì gbé e kúrò.