Fáìlì Méjì

Ọ̀gá Olóyèdé ní kí Yéwándé tún orúkọ àwọn máàpù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ kí àwọn olùwádìí láti Ìlọrin tó dé. Ó ní kó fi ibi, ọjọ́ àti aago sí orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kó rí látilẹ̀wá. Yéwándé ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kí ló ń dúpẹ́ fún? Òun náà kò mọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ara rẹ̀ ti kú bẹ́ẹ̀.

Iná ló mú igbó lẹ́yìn ìlú Koro nínú ọyẹ́ yìí. Yéwándé ló ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń paná, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Ti àárọ̀ àná, nígbà tí ọ̀nà odò ṣì ṣeé gbà, ó sọ ọ́ ní Tuntun. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ yí padà, iná dí ọ̀nà odò. Ó ya òmíràn, ó sọ ọ́ ní Tuntun Gan-an. Ẹ gbọ́ orúkọ! Ẹni tó kàwé dé yunifásítì! Lazarus, olórí àwọn ọ̀dọ́ náà, pè é: "Àǹtí, méjì ni mo rí níbí o. Èwo ni ká mú?"

Ó ní, "Ẹ mú tuntun."

Èyí tó ń jẹ́ Tuntun náà ni wọ́n mú, wọ́n sì gba ọ̀nà odò. Prosper, ọ̀kan nínú wọn, ló ṣíwájú. Kò jáde mọ́.

Yéwándé ti tún mọ́kànlá sọ báyìí, ó ku méjì yẹn. Tó bá ti fi aago sí wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kàn ní Lazarus kò wo aago ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á, ojú kò tì í. Ó tẹ aago sí ti àkọ́kọ́.

Fóònù dún. Lazarus ni.

"Àǹtí, mo ti dé ulé wọn. Mo ti sọ fún ìyá Prosper pé èmi ni mi ò wo máàpù dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀."

Yéwándé pa aago tó tẹ̀ rẹ́.

"Ṣé o ṣì wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Mo ṣì wà nílẹ̀ níbí."

"Fún màmá ní fóònù."

Ó gbọ́ tí ẹnì kan mí sínú fóònù.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, mà. Yéwándé ni. Èmi ni mo rán wọn gba ọ̀nà odò."